Nọ́ńbà Méje Lórí Ìkọ́ Aró

Nígbà tí Bàbá Kasmin fa aṣọ náà jáde nínú ìkòkò aró lẹ́ẹ̀keje, àwọn ẹyẹ orí rẹ̀ ti rì. Ìda tí wọ́n fi bo ìyẹ́ wọn ti sán káàkiri, aró sì ti gba ojú ibi tó sán wọlé, débi pé iṣẹ́ oṣù mẹ́rìnlá tó yẹ kó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ àkùkọ ti dúdú bí ìsàlẹ̀ kànga. Bàbá Kasmin gbé e kọ́ sórí okùn, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Wuryani ló kọ́kọ́ ké, ọmọbìnrin tó fi kálámù ìda ya ẹyẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ké. Lẹ́yìn náà ó sún mọ́ aṣọ náà, ó ń fi ìka tọ ibi tí ẹyẹ wà tẹ́lẹ̀, bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú eérú ilé tó jó.

Sájẹ́ǹtì Filemon dé lórí alùpùpù rẹ̀ ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Ó ti gbàdúrà lójú ọ̀nà. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń gba àdúrà kan náà: kí Olúwa jẹ́ kí òun tú àṣírí kan, ẹyọ kan péré, kí Bu Rut tó débẹ̀.

Bu Rut (“Bu” tàbí “Ibu” ni wọ́n ń pe ìyá nílùú náà) kì í ṣe ọlọ́pàá. Pátákó ló ń kọ: pátákó ìsọ̀, ara ọkọ̀, òkúta ojú oórì. Opó ni, ó lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́ta ọdún, ọ̀dà kì í sì í kúrò ní èékánná rẹ̀. Òun ló kọ́ Filemon ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nígbà tí Filemon wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, títí di òní ló ṣì ń bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ ọdún mẹ́jọ. Òun ló mọ ẹni tó jí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ló mọ ibi tí wọ́n ri ọkọ̀ apẹja kan sí. Láti ìgbà náà, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ní Lasem ìlú wọn, ọ̀gá Filemon kì í béèrè pé kí ló rí. “Ṣé o ti pe Bu Rut?” ló máa ń béèrè. Ìyàwó Filemon náà máa ń béèrè bẹ́ẹ̀, nídìí oúnjẹ, pẹ̀lú ìfẹ́.

Lọ́jọ́ yìí, kò pè é. Ṣùgbọ́n bó ṣe wọ àgbàlá, ó bá a tó jókòó sórí àpótí kan, tó ń mu omi èso kawis.

“O pẹ́, Filemon.”

“Mi ò pẹ́, Bu. Ẹ̀yin lẹ tètè dé.”

“Ọ̀dà ló mú mi wá. Àná ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kun ẹnu ọ̀nà wọn. Jókòó, o ti làágùn.”

Kò jókòó. Ọ̀gá rẹ̀ ti sọ fún un lórí tẹlifóònù pé oníbàárà tó ni aṣọ náà ti kúrò ní Surabaya pẹ̀lú mọ́tò, pé aago méjì ọ̀sán ni yóò dé, àti pé ó fẹ́ kí orúkọ ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ba aṣọ òun jẹ́ ti wà nínú ìwé ọlọ́pàá kí òun tó dé. Orúkọ kan ṣoṣo ni ìyá tó ni ilé náà sì ń dá, ìyẹn Wuryani. Bí orúkọ yẹn bá wọ inú ìwé, kò sí ilé àdìrẹ kan ní gbogbo etíkun yìí, láti Tuban títí dé Pekalongan, tí yóò tún fi kálámù ìda lé e lọ́wọ́.

---

Ògiri gígùn kan ló wà láàárín ìloro tí àwọn obìnrin ti ń fi ìda yàwòrán àti àgbàlá tí wọ́n ti ń rẹ aṣọ. Ìkọ́ wà lápá òsì rẹ̀, ìkọ́ wà lápá ọ̀tún. Ìkọ́ òsì jẹ́ ti pupa, ìkọ́ ọ̀tún jẹ́ ti aró. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lára ògiri náà. Ẹni tó bá ti fi ìda ya aṣọ tán á so wàláà oparun kékeré kan mọ́ etí rẹ̀, á fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sí i, á sì gbé e kọ́. Ó parí.

Filemon gbé wàláà tí wọ́n tú lára aṣọ náà sókè.

“Méje,” ó ní. “Méje kí ni?”

“Kó wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀meje, Sájẹ́ǹtì,” ni Wuryani fèsì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ìda ti jó o níka ní ojú mẹ́ta.

“Kó wọ kí ni lẹ́ẹ̀meje?”

“Pupa.”

“Níbo lo kọ pupa sí níbí?”

“Mi ò kọ ọ́. Orí ìkọ́ pupa ni mo gbé e kọ́.”

“Kí ló dé tó ò fi kọ ọ́?”

Ọmọbìnrin náà wò ó bí ìgbà tó béèrè ìdí tí wọn kì í fi í kọ “ẹja” sára ẹja. “Ta ni mo fẹ́ kọ ọ́ fún, ọ̀gá? Bàbá Kasmin nìkan ló ń kà á.”

Bu Rut rẹ́rìn-ín láti orí àpótí rẹ̀. “Filemon, mo kọ ‘Bàtà’ sí ìloro mọ́ṣáláṣí, gbogbo èèyàn ń bọ́ bàtà sílẹ̀. Mo kọ ‘Bàtà’ sí ìsọ̀ aránbàtà, kò sẹ́ni tó bọ́ nǹkan kan, wọ́n ń wọlé lọ rajà ni. Ọ̀dà kan náà, búrọ́ọ̀ṣì kan náà. Ẹnu ọ̀nà ló ń sọ ìyókù.”

“Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀,” ni Filemon sọ. Kò mọ̀ ọ́n títí di ìṣẹ́jú yẹn, inú sì bí i pé ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

“Ó túmọ̀ sí pé,” ni Bu Rut ń bá a lọ, “ẹni tó bá fẹ́ ba aṣọ yìí jẹ́ kò nílò pẹ́ńsù rárá. Kó ṣáà gbé e láti ìkọ́ yìí sí ìyẹn. Nọ́ńbà á wà níbẹ̀, á máa pe ara rẹ̀ ní òótọ́.”

“Tàbí kí ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ gbé e kọ́ síbi tí kò yẹ.”

Ohùn náà wá láti orí àga oparun ní ìloro. Ibu Njoo ni, ìyá tó ni ilé náà, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì nà gbọnrangandan, tí ìwé orin wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìlú ò mọ ilé àdìrẹ kankan tó ju tirẹ̀ lọ. Láti àádọ́ta ọdún ni ọ̀rọ̀ méjì kan ti ń wà ní igun gbogbo aṣọ tó bá jáde níbẹ̀: *Njoo, Lasem.* Àwọn tó ń rà á kì í béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

“Ilé kan ní Pekalongan ti ń pè é,” ni ìyá náà ń bá a lọ, láìwo ẹnikẹ́ni. “Ó fẹ́ lọ. Kó tó lọ, ó fẹ́ fi ẹ̀gàn sílẹ̀ fún mi. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, Sájẹ́ǹtì, ká lè ráyè ṣiṣẹ́.”

“Màmá, mo sọ fún wọn pé mi ò wá,” ni Wuryani wí jẹ́ẹ́. “Ẹ̀yin gan-an ni mo fi lẹ́tà náà hàn.”

“O gbé e fún mi,” ni Ibu Njoo fèsì.

---

Bàbá Kasmin ń fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí ya ewé wẹ́wẹ́ sára sìgá rẹ̀, bí àwọn ọkùnrin Lasem ṣe máa ń ṣe kí wọ́n tó mu ún. Ọwọ́ rẹ̀ búlúù títí dé ìgbọ̀nwọ́.

“Nígbà tí mo dé ní àfẹ̀mọ́júmọ́, orí ìkọ́ aró ni mo bá a,” ó ní. “Mo ka méje. Ó yà mí lẹ́nu. Ta ló ń ki aṣọ bọ aró lẹ́ẹ̀meje? Ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, ó tó.”

“Kí ló dé tẹ́ ò béèrè?”

“Lọ́wọ́ ta ni?” Ọkùnrin náà gbé ojú sókè, ojú rẹ̀ sì korò. “Láti ìgbà tí lẹ́tà ti wá láti Surabaya, a ò gbọ́dọ̀ wúkọ́ nítòsí aṣọ Wuryani. Wọ́n á ní, Kasmin, má fọwọ́ kàn án. Kasmin, ìyẹn kì í ṣe irú tẹ́lẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń pọn aró, Sájẹ́ǹtì. Kò sí lẹ́tà kankan tó dárúkọ mi rí. Mo ní ó dáa, bí wọ́n bá fẹ́ méje, kí wọ́n gba méje.”

“Ìyẹn ni pé ẹ bínú.”

“Mo bínú. Ọmọ náà tún so wàláà rẹ̀ síbi tí mo fi ní láti máa yí ọrùn bí adìyẹ tí wọ́n fẹ́ pa. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ba aṣọ jẹ́ kì í ṣe é ní gbangba, lójú iṣẹ́ ara rẹ̀, kó wá jókòó de ọlọ́pàá.”

“Lẹ́tà wo lẹ ń sọ?” ni Filemon béèrè.

Bàbá Kasmin tan sìgá rẹ̀. “Ẹ ò gbọ́? Oníbàárà ní kí wọ́n má kọ *Njoo* sí igun aṣọ yẹn. Orúkọ ọmọ náà ló fẹ́ níbẹ̀. *Wuryani.* Ìyẹn nìkan.”

---

Ó ku ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Màmá Painah. Láti ogójì ọdún ló ti ń fi ìda yàwòrán fún ilé náà, òun ló sì kọ́ Wuryani níṣẹ́. Filemon bá a tó ń fọ kálámù ìda nínú omi gbígbóná, kò sì dáwọ́ dúró nítorí rẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló wà fún àgbàlá. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Kasmin, ọ̀kan lọ́wọ́ Painah, ọ̀kan lọ́wọ́ Ibu Njoo tó ń gbé inú ilé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ àná ni gbogbo wọn ṣíwọ́. Ṣùgbọ́n oníyọ̀ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà ti sọ fún Filemon pé òun rí Màmá Painah tó padà wá ní aago márùn-ún, tó ṣílẹ̀kùn, tó wọlé.

“Màmá, ẹ padà wá ṣe kí ni?”

“Mo wá wò ó.”

“Kí lẹ wá wò?”

“Aṣọ náà.” Ó gbọn omi dànù lára kálámù. “Orí ìkọ́ pupa ló wà. Mo dúró síwájú rẹ̀. Mo sunkún, mo sì lọ sílé lọ se ìrẹsì.”

“Kí lẹ ń sunkún sí?”

“Sájẹ́ǹtì, ẹ ti dàgbà tó láti mọ̀ ọ́n. Ogójì ọdún ni mo ti ń yàwòrán níbí. Èwo nínú wọn ni orúkọ mi wà lára rẹ̀? Ọmọ tí mo kọ́ bó ṣe ń mú kálámù dání, ọdún mẹ́fà péré, wọ́n fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà.” Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka iye ẹyin inú àwo. “Ọwọ́ mi yún mi. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹyẹ yẹn dáa ju tèmi lọ, mi ò lè fọwọ́ kàn án.”

Ọkàn Filemon fò sókè. Ó ti rí i. Owú, kọ́kọ́rọ́, àyè, gbogbo rẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀. Bu Rut ṣì wà lórí àpótí pẹ̀lú omi èso rẹ̀, òun Filemon sì ti rí i.

Ó fa ìwé rẹ̀ yọ. “Màmá Painah, mo fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ̀ lé mi.”

“Jẹ́ kí n da omi yìí nù ná,” ni obìnrin arúgbó náà wí.

Wuryani ló sáré dé láti ìloro. “Kì í ṣe Màmá Painah. Ẹ kọ tèmi sílẹ̀, Sájẹ́ǹtì. Ẹ kọ tèmi.”

“Dákẹ́, ìwọ ọmọ yìí,” ni Painah fèsì. “O ò lè gba gbogbo nǹkan mọ́ mi lọ́wọ́. Jẹ́ kí túbú yìí tiẹ̀ jẹ́ tèmi.”

Inú Filemon kò dùn tó bó ṣe rò. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí Bu Rut tó ti dìde, tó ń lọ síbi okùn tí aṣọ dúdú náà wà.

---

“Filemon, wá,” ni Bu Rut pè é. “Kí o tó kọ nǹkan kan.”

Kò fẹ́ lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ.

“Nígbà tí Bàbá Kasmin bá ń ki aṣọ bọ ìkòkò, ibo ló ń dì mú?”

“Báwo ni màá ṣe mọ̀?”

“Igun tí wàláà wà. Bí wàláà bá wọ inú aró, pẹ́ńsù á parẹ́. Torí náà, igun yẹn kì í wọlé tán.” Ó na ìka. Ní ìsàlẹ̀ aṣọ náà, lápá òsì, igun kan wà tó funfun díẹ̀, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, pẹ̀lú ojú okùn tíntín láàárín rẹ̀. Filemon ti yí aṣọ yìí ká lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀. “Wuryani, bí aṣọ bá ń lọ sí pupa, ibo lẹ ń so wàláà sí?”

“Igun òkè, Bu. Wọ́n ń gbé pupa kọ́ sókè kó lè máa ro.”

“Bó bá ń lọ sí aró ńkọ́?”

“Igun ìsàlẹ̀.”

“Ẹ wò ó. Ìsàlẹ̀ ni èyí wà.” Bu Rut yíjú sí Filemon. “Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń ki aṣọ bọ aró. Ẹni tó kọ méje, pupa ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó so okùn yìí, aró ló wà lọ́kàn tiẹ̀. Ọwọ́ kan náà kò lè ro méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí Wuryani bá ṣàṣìṣe ìkọ́, okùn rẹ̀ á wà lókè. Bó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, á kọ méjì, kí Kasmin má baà ṣiyèméjì. Kì í ṣe òun.”

Wuryani fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Ó dáa,” ni Filemon wí. “Ìyẹn kan náà ló fi hàn pé Màmá Painah ni. Àlejò á kàn gbé aṣọ lọ ni. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ lè tún okùn so fún aró láìrò ó.” Ó gbọ́ bí ohùn ara rẹ̀ ṣe ń yára.

“O gbìyànjú,” ni Bu Rut wí, ó sì dà bí ìgbà tó ń fún ọmọ ọdún mẹ́jọ ní súìtì. “Ìkòkò aró dà?”

“Òun nìyẹn.”

“Lápá wo?”

“Ọ̀tún.”

“Aṣọ yìí sì ní wàláà lápá òsì. Bàbá Kasmin ní láti yí ọrùn bí adìyẹ.” Ó gbé aṣọ funfun kan láti inú agbọ̀n, ó jù ú sí Màmá Painah. “Ẹ bá mi so wàláà mọ́ èyí. Aró.”

Màmá Painah kò tilẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ta kókó náà ní ìsàlẹ̀, lápá ọ̀tún. Bu Rut fún Wuryani náà ní òmíràn. Ọ̀tún.

“Bàbá Kasmin, ṣé wọ́n ti ń so ó lápá òsì rí?”

Bàbá Kasmin ti sún mọ́ tòsí, sìgá rẹ̀ ti kú lẹ́nu rẹ̀. “Nígbà àtijọ́. Kí omi òkun tó wọlé, tó fọ́ ìkòkò àkọ́kọ́. Òsì ló wà nígbà yẹn. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí a ti gbé ìkòkò tuntun sọ́tùn-ún.”

“Ta ló ti mọ̀ ọ́n so láyé ìgbà yẹn, tí kò sì tíì so òmíràn láti ìgbà náà?”

Ẹyẹlé kan fò kọjá lórí òrùlé. Filemon rí i pé gbogbo wọn ń wo ilẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń wo ìloro.

Nígbà náà ni nǹkan kan là nínú ọkàn rẹ̀. Kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ Bu Rut ló ti wá. Alàgbà ni òun nínú ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló ń ka nọ́ńbà orin fún ìjọ. Ibu Njoo kì í ṣi ohùn gbé nínú orin àtijọ́ kankan. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Àjíǹde tó kọjá, tí pásítọ̀ ti ń pín orin tuntun tí wọ́n tẹ̀ sórí tákàdá, ìyá náà máa ń di tákàdá tiẹ̀ mú, ẹnu rẹ̀ á sì dákẹ́. Filemon ti rò pé kò fẹ́ràn orin náà ni.

“Bu,” ó sọ ọ́ sí i létí, “ẹni tó gbé aṣọ yìí kò pa méje dà sí méjì. Kì í ṣe pé kò fẹ́. Kò rí i.”

Bu Rut wò ó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́ta, òun ló yà lọ́nà fún Filemon.

---

Filemon mú wàláà kan nínú agolo tí Kasmin ń kó wàláà àwọn aṣọ tó ti rẹ tán sí, ó gòkè lọ sí ìloro, ó sì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà bí ó ṣe máa ń kúnlẹ̀ nígbà tó bá lọ bẹ àwọn aláìsàn ìjọ wò.

“Màmá, ẹ bá mi ka nọ́ńbà yìí.”

Ó gbé e lé ìyá náà lọ́wọ́. Ibu Njoo fi àtàǹpàkò ra ojú oparun náà. “Méje ni. Ẹ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

Mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Filemon kò sọ ọ́ síta. Ó rí i pé ìyá náà ti gbọ́ ọ nínú ìdákẹ́ rẹ̀.

“Láti ìgbà wo lẹ ò ti ríran mọ́?” ni Filemon béèrè.

“Ojú òsì, ọdún mẹ́rin. Ojú ọ̀tún, láti ọdún tó kọjá.” Ó di ìwé orin rẹ̀ mú. “Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ilé tí mo mọ̀ dénú, kí ni mo fẹ́ fi ojú ṣe níbẹ̀?”

Filemon mọ ohun tó kàn láti béèrè gẹ́gẹ́ bí ọlọ́pàá. Kò béèrè rẹ̀. Bu Rut wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbọ́, èyí tó fẹ́ sọ yìí sì ni ohun tí kò tíì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pàápàá.

“Màmá, mo mọ ohun tó ń jẹ yín nínú,” ó ní. “Ó ń jẹ èmi náà. Bí wọ́n bá ti ń yin ẹlòmíràn, ó dà bíi pé ara mi ni wọ́n ń gé fún un. Mo máa ń gbàdúrà sí i, mo ń dìde lórí eékún mi, mo sì tún ń bá a níbi tí mo fi í sí.”

Omi bọ́ lójú ìyá náà, kò nù ún.

“Gbogbo wọn ló ń wá wò ó,” ó sọ níkẹyìn. “Ẹnì kan á wọlé, á dákẹ́, á ní, háà, ẹyẹ yìí fẹ́ fò. Àwọn ará ìsọ̀, pásítọ̀, oníyọ̀. Nínú ilé mi. Mo fi ọwọ́ ra á, ìda ni mo bá. Ìda lásán. Gbogbo ayé ló lójú fún aṣọ yẹn, àfi èmi. Wọ́n sì tún ní kí n yọ orúkọ mi kúrò. Lálẹ́ àná mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo ní kí n kàn gbé e lọ sí ìkọ́ kejì. Mi ò mọ̀ pé mo tún okùn so. Ọwọ́ mi ló so ó.”

“Ẹ sì ní kí n kọ orúkọ ọmọ náà.”

“Mo ní kẹ́ ẹ kọ ọ́.” Ó gbé ojú sí àgbàlá, síbi tí kò rí. “Wuryani, ṣé o wà níbẹ̀?”

“Mo wà níbí, Màmá.”

“Mo ṣẹ̀ ọ́. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí kò sí ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ọmọbìnrin náà kò lọ. Ó dúró, ó di igun aṣọ dúdú náà mú, igun funfun náà.

Màmá Painah ló sọ̀rọ̀. “Èmi ńkọ́?”

“Ìwọ, Painah?”

“Ogójì ọdún. Ẹ̀yin lẹ kọ *Njoo*, wọ́n kà á, wọ́n ní Ibu Njoo ló yà á. Kì í ṣe irọ́. Ẹ kàn fi mí sílẹ̀ níta ni, gbogbo èèyàn sì fi orúkọ yín dí àyè mi.” Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró. “Ẹ̀yin tí wọ́n fẹ́ yọ orúkọ yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ wo ohun tẹ́ ẹ ṣe.”

Ibu Njoo tẹ orí ba. “Òótọ́ ni,” ó ní.

Bàbá Kasmin gbá sìgá rẹ̀ dànù. “Ó ku wákàtí mẹ́ta kí mọ́tò yẹn dé,” ó ní. “Kí la fẹ́ sọ fún un?”

“Ohun tó ṣẹlẹ̀,” ni Ibu Njoo fèsì. “Èmi ni màá sọ ọ́. Kí ó ṣe èyí tó bá fẹ́ sí mi. Bó bá ṣì fẹ́ aṣọ…”

“Oṣù mẹ́rìnlá ni,” ni Wuryani wí jẹ́ẹ́.

“Oṣù mẹ́jọ,” ni Màmá Painah wí. “Bí o bá ń ya ẹyẹ, tí èmi sì ń ya ewé. Ṣùgbọ́n igun mẹ́rin ni aṣọ ní. Mo fẹ́ ọ̀kan.”

---

Ní aago kan kọjá díẹ̀, Filemon jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ó ti kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó kúkúrú, ó sì ṣe kedere: kì í ṣe Wuryani, ẹni tó ṣe é ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kò sí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, wọ́n ń retí oníbàárà.

Ìlà tó kẹ́yìn ló kù. Ó kọ ọ́ bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́: *A ti rí ojútùú ọ̀rọ̀ náà.* Kò sẹ́ni tó ń béèrè ta ni “a” yẹn. Ọ̀gá á kà á, á wo ìbuwọ́lùwé tó wà lábẹ́ rẹ̀, á sì fi orúkọ Filemon dí àyè náà láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe irọ́. Àti pé òun ló rí ti orin tuntun. Òun ló rí ti ojú.

Ó wo ìlà náà títí pẹ́ńsù fi fẹ́ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rántí Màmá Painah tó ń fọ kálámù, tó ní kí òun da omi nù kí wọ́n tó mú òun lọ. Bí Bu Rut kò bá dìde lórí àpótí yẹn, inú túbú ni obìnrin náà ì bá wà báyìí, Filemon ì bá sì ti máa retí oríyìn.

Ọ̀gá rẹ̀ yọjú láti ẹnu ọ̀nà. “Ṣé o ti pe Bu Rut?”

Ó dùn ún gan-an. Ó dùn ún bó ṣe máa ń dùn ún, níbi kan náà, kò dín.

“Mi ò pè é, ọ̀gá,” ó ní. Ó pa “a” náà rẹ́, ó kọ *Bu Rut tó ń kọ pátákó* dípò rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa kó má baà ṣe é pa rẹ́ mọ́, ó sì na ìwé náà sí i. “Ṣùgbọ́n òun ló tú u.”